Òru Tí Òtítọ́ Ń Tà Lọ́jà Kétu

Ní ọdún 1905, Mark Twain kọ ìtàn kúkúrú kan nípa ogun. Nínú ìtàn náà, àwọn ará ìlú kan péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbàdúrà kí àwọn ọmọ ogun wọn ṣẹ́gun. Àlejò kan wọlé dé, ó sì là á yé wọn ohun tí àdúrà náà ń tọrọ gan-an: ẹkún opó, ilé tó jóná di eérú, ọmọ tó di aláìníbaba. Ìwé ìròyìn tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí kọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dan Beard, ayàwòrán, bi í bóyá yóò ṣì tẹ̀ ẹ́ jáde, Twain dáhùn pé kò ní jáde lójú ayé òun, nítorí òkú nìkan ni aráyé gbà láyè kó sọ òtítọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ìtàn náà tó dé ọwọ́ aráyé. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó sọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ní kí wọ́n má tẹ gbogbo rẹ̀ jáde títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí òun ti kú. Ọdún 1910 ló kú. Ọdún 2010 ni ìdìpọ̀ kìíní bọ́ sọ́wọ́ àwọn òǹkàwé láìfi ohunkóhun pamọ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ nípa èsì tí Twain fún Beard ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀rín ló sọ ọkùnrin náà di olókìkí. Láti Amẹ́ríkà títí dé Íńdíà ni àwọn ènìyàn ti sanwó kí wọ́n lè jókòó gbọ́ ọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní alààyè kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ta ni yóò wá lẹ́nu? Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni ìyá mi, mo sì mọ ibì kan tí àwọn àgbà ti ro irú èrò yìí rí, tí ìdáhùn wọn sì yàtọ̀. Wọn kò dúró de ikú. Wọ́n ya òru kan sọ́tọ̀, wọ́n mú alààyè kan síwájú gbogbo ìlú, wọ́n ní kó máa wí.

Kí n tó dé Kétu, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkú tó ń sọ òtítọ́. Samuel Langhorne Clemens ni àwọn òbí Mark Twain sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Missouri ní 1835. Ó ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó tu ọkọ̀ lórí odò Mississippi, kó tó di òǹkọ̀wé. Láti 1866 ló ti ń dá dúró lórí ìtàgé, òun nìkan, tí ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí òwò dojú dé tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohùn yìí náà ló fi yọ ara rẹ̀. Ní 1895 àti 1896 ó yí ayé ká, ó dé Ọsirélíà, ó dé Íńdíà, ó dé Gúúsù Áfíríkà, ó ń dá sọ̀rọ̀ fún àwọn èrò láti ìlú dé ìlú, títí ó fi rí owó san fún gbogbo ẹni tó jẹ ní gbèsè.

Ní 1954, nígbà tí Twain ti wà ní sàréè láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, òṣèré kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Hal Holbrook, wọ aṣọ funfun irú èyí tí Twain máa ń wọ̀ nígbà ogbó rẹ̀. Ó fi irun funfun sórí àti sétè, ó mú sìgá lọ́wọ́, ó sì bọ́ sórí ìtàgé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní Lock Haven, ní Pennsylvania. Òun nìkan ló ṣe eré náà látòkèdélẹ̀. Mark Twain Tonight! ni orúkọ rẹ̀. Ó gbé e dé New York, ó gba ẹ̀bùn Tony lórí rẹ̀ ní 1966, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS fi hàn ní 1967, Holbrook kò sì bọ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀ títí di 2017. Iye ìgbà tó ṣe é lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́ta ó lé ló fi ń kun ojú kó tó lè jọ arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tó fi máa jáwọ́, òun fúnra rẹ̀ ti dàgbà ju arúgbó tó ń ṣe lọ. Ó kú ní 2021, lẹ́ni ọdún 95.

Mo ti wo eré tí wọ́n ká sílẹ̀ ní 1967 náà ní àwòtúnwò. Sùúrù rẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù. Arúgbó náà á rọra rìn jáde, á wo àwọn èrò, á tọ́jú sìgá rẹ̀, á jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ gbilẹ̀ kó tó la ẹnu. Bó bá sọ ohun tó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, òun kì í bá wọn rẹ́rìn-ín; ńṣe ni yóò máa wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwàdà ni Holbrook fi máa ń ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ara bá ti tu gbogbo ènìyàn tán ni yóò tó gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo kalẹ̀: ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó ń bá ìkà rìn, àti ti Huckleberry Finn, ọmọdékùnrin inú ìwé Twain tó ń bá ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ rìn lórí odò. Ẹ rántí pé àwọn ọdún 1960 nìyẹn, tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ń mi gbogbo Amẹ́ríkà. Holbrook kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Twain. Ohun tó há sórí pọ̀ ju ohun tí alẹ́ kan lè gbà lọ, nítorí náà èyí tó bá àsìkò mu ló ń yàn. Ta ni yóò bínú sí i? Òun kọ́ ló wí i. Òkú ló wí i, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá òkú ṣẹjọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Twain ṣe ṣẹ mọ́ ọn lára. Ó kú tán, ó wá láṣẹ. Iṣẹ́ ńlá ni Holbrook ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, bí mo bá wo eré náà tán, ohun kan máa ń dùn mí: gbogbo ẹ̀gbin ọjọ́ òní tí òkú kò lè mọ̀, ta ni yóò sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún lè bá tòní mu, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ ẹni tó jí owó kànga ìlú lọ́dún yìí.

Ilẹ̀ Kétu jẹ́ òkè pẹrẹsẹ tí erùpẹ̀ rẹ̀ pupa, ní ìlà oòrùn Benin, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà. Ọmọ Odùduwà ni àwọn ará ibẹ̀, Alákétu sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọba tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń bu ọlá fún. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí, wọn yóò mú un lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tó ń ṣọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà kò dá ogun dúró títí ayé. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómì, lábẹ́ ọba wọn Glèlè, wọ ìlú, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àbómè. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tó kù tó lè padà wálé láti tún ìlú tẹ̀ dó. Ẹni tó ń ti oko ẹrú bọ̀ kò lè ru ẹrù púpọ̀. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n rù dé.

Apá òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ère tí a fi ń bọlá fún àwọn ìyá, ni Ẹ̀fẹ̀ jẹ́. Ijó ọ̀sán ni àwọn àlejò mọ̀ jù, pẹ̀lú ère aláràbarà tí wọ́n ń gbé sórí, àti irin ẹsẹ̀ tó ń dáhùn ìlù. Ṣùgbọ́n òru ló ń ṣáájú ọ̀sán, ohùn ló ń ṣáájú ijó. Àwọn ará Kétu máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ. Ìtàn kan ní ìjà oyè láàárín àwọn ọmọ ọba ló bí i: èyí tí wọ́n fẹ́ pa sá lọ sí ìlú Ìlobí, ó gbé ère ènìyàn dúró lóru, ó so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn kó lè máa dún, ẹ̀rù sì ba àwọn tó ń lépa ẹ̀mí rẹ̀. Ìlobí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ti Kétu ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ère ti ń dúró fún ẹni tí wọ́n fẹ́ pa lẹ́nu mọ́.

Ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn baba wa ní òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ojú ọjà yìí kan náà ni àwọn ará Kétu gbé òtítọ́ padà lọ, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́, tí ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n á fi màrìwò ṣe ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kan agbo. Àwọn ìyá àgbà á jókòó síbi tó yẹ wọ́n, àwọn onílù á mú ipò wọn, ìyá ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn omele sọ̀rọ̀. Àwọn kan á ṣáájú jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò yìí yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Arabi Ajígbálẹ̀ á gbá ojú agbo mọ́. Apaná á jáde, iná á kú, òkùnkùn á gba gbogbo ọjà. Tètèdé á dé, á kọrin, á pe ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo ojú á yí sí ẹnu ọ̀nà màrìwò.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ni òru náà, á wá jáde. Aṣọ àti awọ tó wọ̀ ti sọ ọ́ di fírìgbọ̀n ju ènìyàn lásán lọ, ìrù ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún bó ṣe ń rìn. Lórí rẹ̀ ni ère wà: ojú ènìyàn tó tutù pẹ̀sẹ̀, òṣùpá lé e lórí, ejò àti ẹranko alágbára yí i ká. Nígbà gbogbo tí mo bá jókòó sí agbo náà, ojú ère yẹn ni mo máa ń wò jù. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó máa pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ojú rẹ̀ kò ní yí padà. Arúgbó aláṣọ funfun ti Holbrook mọ ọgbọ́n yìí náà: ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀ ti ń tọrọ pé kí wọ́n fẹ́ràn òun, ẹni tó ń tọrọ ìfẹ́ kò sì ní lè sọ ohun tó le.

Àwàdà kọ́ ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìbà ni. Ó ń júbà Olódùmarè, ó ń júbà Èṣù àti Ògún, ó ń júbà àwọn tó ti lọ, ó ń júbà ọba àti àwọn àgbà ìlú, ó ń júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ lórin. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń júbà àwọn ìyá wa, àwọn tí a kò ní dárúkọ agbára wọn ní ṣákálá. Ìbà yìí gùn. Àwọn ọmọdé tó wá gbọ́ yẹ̀yẹ́ á ti máa tòògbé. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbà pé ìbà gan-an ni ọkàn eré náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un láṣẹ. Kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni, ó ti kọ́kọ́ sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé òun ní ẹni tó ju òun lọ. Ó ti wólẹ̀ kó tó dìde. Ohun tó bá wá ti ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ẹnu ẹni tó ti wólẹ̀ ló ti jáde.

Lẹ́yìn ìbà ni ọ̀rọ̀ ń dùn. Á lé orin, àwọn elégbè á gbè é, gbogbo èrò á sì gbà á lẹ́nu wọn. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á ní kó tún un lé. Olówó tó gba ilẹ̀ opó, ọ̀dọ́kùnrin tó gbàgbé àwọn òbí rẹ̀ sílé tó lọ ń náwó ní Kútọnu, ọkọ tó ń yọ́ jáde lóru, ìyàwó tó ń da ilé rú, olóṣèlú tó ṣèlérí ọ̀nà tí kò sì tún fojú kan abúlé mọ́: kò sí ẹni tí orin kò lè kàn. Ó lè kan ìjòyè. Ó lè kan ààfin. Àwọn baba wa ní ọba kì í pọ̀kọrin, òru Ẹ̀fẹ̀ sì ni mo ti rí i pé òwe náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí orin bá bá á jókòó síbẹ̀, á tẹrí ba, á sì rẹ́rìn-ín bó bá lè ṣe é. Bó bá dìde kúrò, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Níbí ni iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ ti le ju ti Holbrook lọ. Òṣèré Amẹ́ríkà náà ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Akọrin Kétu yóò jí ní agboolé kan náà pẹ̀lú ẹni tó fi ṣẹ̀fẹ̀. Kànga kan náà ni àwọn ìyàwó wọn yóò ti pọnmi. Kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ ère. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi yàn án, ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ní gbogbo agbègbè. Nítorí náà kì í ṣe ìfarapamọ́ ló ń dáàbò bò ó. Oyè tó wà lórí rẹ̀ lóru náà ni, gbogbo ìlú ló sì fi jẹ ẹ́.

Ta ló fi jẹ ẹ́ gan-an? Àwọn obìnrin ni. Ìyáláṣẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òun ló ń bójú tó àṣẹ̀, ibi mímọ́ ẹgbẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin ló ń gbé ère, tí wọ́n ń wọ aṣọ obìnrin, tí wọ́n ń fi gèlè àti ọ̀já ọmọ ṣe ẹ̀yẹ, kí inú àwọn ìyá lè dùn. Nígbà tí ìlú bá rí ọ̀dá, tàbí nígbà tí àrùn bá ń jà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé agbára tó lè bímọ lè gba ọmọ padà, pé agbára tó lè mú ọjà tà lè mú un tú. Ẹni tó bá ní irú agbára bẹ́ẹ̀, orin àti ijó la fi ń tù ú, a kì í fi ipá bá a lò. Nígbà tí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ bá jókòó sí iwájú agbo, tí wọ́n gbọ́ ìbà, tí wọ́n sì gbà á, ta ló tún kù tó máa ní kí akọrin pa ẹnu rẹ̀ mọ́? Olóyè wo ni kò ní ìyá?

Mo máa ń ronú nípa èyí bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ti eré ẹlẹ́nìkan. Kò sí eré ẹlẹ́nìkan ní Kétu. Ẹnìkan ló ń lé orin, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére ti gbẹ́ ojú tó gbé sórí, àwọn aránṣọ ti rán aṣọ rẹ̀, onílù ń tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́nà, elégbè ti kọ́ orin náà ní ìkọ̀kọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn ìyá sì ti fọwọ́ sí i. Bí èrò bá gbe orin, ìdájọ́ ìlú ni. Bí wọ́n bá dákẹ́, tí akọrin lé e lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ìlú ti sọ fún un pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tàbí pé inú tirẹ̀ ló fi ń kọrin. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń ká a lọ́wọ́ kò kí àṣẹ tí wọ́n fún un má di ìwọ̀sí.

Twain kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Ní 1905 kan náà tí wọ́n kọ̀ láti tẹ ìtàn ogun rẹ̀ jáde, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ìwà ìkà tí Leopold kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, ń hù sí àwọn ará Kóńgò. Ọba náà fúnra rẹ̀ ló fi sórí ìtàgé nínú ìwé yẹn: Leopold dá wà, ó ń ráhùn, ó ń gbèjà ara rẹ̀, bó sì ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Ọ̀nà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kan ìbá gbà nìyẹn. Àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kò gbà á. Ó kó o fún ẹgbẹ́ tó ń jà fún àtúnṣe ní Kóńgò, àwọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì yọ̀ǹda owó tó bá wọlé lórí rẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Akọni ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe tóóró tó: ẹni tó lókìkí jù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá a gbe orin. Ọgbọ́n kò wọ́n ọn, ìgboyà kò wọ́n ọn. Agbo ni kò ní.

Ohun tí agbo lè ṣe fún òtítọ́ ju kí ó dójú ti ènìyàn lọ. Ó lè pa ìtàn mọ́. Òpìtàn A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ìlú tó bá Kétu tan ní apá Nàìjíríà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1975 lórí bí ewì Ẹ̀fẹ̀ ṣe jẹ́ orísun ìtàn fún ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà gba àárín ilẹ̀ wa, tí Ìmẹ̀kọ fi bọ́ sọ́wọ́ kan tí Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ kejì. Ní apá ti Faransé, owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi ipá kó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá ìlà yẹn sí Nàìjíríà. Ìwé àwọn alákòóso kọ orúkọ àwọn tó sá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọlọ̀tẹ̀. Orin Ẹ̀fẹ̀ rántí wọn bí ọmọ, bí ọkọ, bí ará ilé. Orin náà sì kọjá ẹnubodè láìgbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ohun tí wọ́n bá lé ní Kétu, wọ́n lè gbè é ní Ìmẹ̀kọ kí ọdún tó yí. Bí ọmọ ilé ìwé kan bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lára àwọn baba ńlá rẹ̀ nígbà tí òyìnbó dé, ẹ má mú un lọ sí ibi ìkówèésí nìkan. Ẹ mú un lọ bá akọrin àgbà.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣúra gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ àwọn àlejò tí ìkéde náà ń mú wá, ère ni wọ́n ń wá yà ní fọ́tò, ọ̀sán ni wọ́n sì ń dé. Wọn kì í gbọ́ Yorùbá. Òru Ẹ̀fẹ̀ nílò ẹni tó gbọ́ èdè náà débi pé ó lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí nígbà tí wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín ní agbo nítorí pé àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lórí wọn. Èyí ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ohunkóhun lọ nínú ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, nítorí ibi tí etí bá ti kú, ẹnu kò ní pẹ́ kú.

Fóònù náà ń kó ìdààmú bá mi. Àṣẹ tí wọ́n fún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, òru yẹn ló wà fún, ojú agbo yẹn ló wà fún. Ẹni tí orin bá bá jókòó láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, àwọn tó mọ ìwà rere rẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi í ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, wọ́n lè yìn ín ní ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá ká orin náà sínú fóònù, tó gé ìbà kúrò níwájú rẹ̀, tó gé ègbè kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ agboolé rẹ̀, ohun tó kù kì í ṣe Ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ìtìjú tí wọ́n fi fẹ́ tún ọmọ ìlú ṣe ti di ẹ̀sín ní ojú àjèjì, kò sì ní òwúrọ̀ tí yóò parí rẹ̀. Mo ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa: ẹ fi fóònù sí àpò. Ẹ há orin náà sórí, bí àwọn tó ṣáájú yín ti ṣe.

Ọ̀pọ̀ ará Kétu ló ti di Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá jókòó sí agbo, àwọn ti bọ òrìṣà. Èmi kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lóru náà, Àlàájì wà, ọmọ ìjọ Àgùdà sì wà. Fádà Thomas Moulero gan-an, ọmọ Kétu, tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láti Dàhómì tí wọ́n fi joyè àlùfáà Kátólíìkì ní 1928, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó ìtàn Kétu àti ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ sínú ìwé. Àlùfáà náà mọ̀ pé ìlú tí kò bá mọ bí a ṣe ń bá ara ẹni wí kò ní pẹ́ tú.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ kò pọ̀. Kí ẹni tó ní ọmọ ní Kétu jẹ́ kó gbọ́ Yorùbá débi tí yóò fi mọ àwàdà. Kí àwọn olùkọ́ pe akọrin wá sí kíláàsì, kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìbà kí ó tó kọ́ wọn ní yẹ̀yẹ́. Kí ìlú sanwó fún agbẹ́gilére àti onílù kí ọ̀nà wọn má ṣe di ti Kútọnu. Kí àwọn tí a dìbò yàn wá jókòó lóru náà, kí wọ́n má rán aṣojú. Kí àwa tí a ń gbé òkèèrè, ní Èkó, ní Paris, ní London, má ṣe dé fún ijó ọ̀sán nìkan. Ẹ jẹ́ kí a dé nígbà tí iná bá ń kú, kí a dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ohùn wa sì wà nínú ègbè. Orin tí ìlú kò bá gbè, akọrin nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀, ẹrù náà sì wúwo ju ọrùn ẹnìkan lọ.